Ilé Orí Òkè Kàlàbá: Kí Làwọn Tó Nílé Àtijọ́ Ń Ṣe?

Ẹni tó bá gun òkè tí ilé ìjọba àtijọ́ wà ní Kàlàbá, ní ìpínlẹ̀ Cross River, yóò rí odò ńlá tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Igi àti òdòdó yí ilé náà ká, atẹ́gùn odò sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò, wọn a sì jókòó sábẹ́ igi. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ẹwà nìkan, tó sì padà sílé, ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ló rí.

Lọ́dún 1884, òkè òkun ni wọ́n ti gé pákó ilé náà. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì wá tò ó pọ̀ sórí òkè náà fún aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wà lókè yẹn ń rí ọkọ̀ tó ń wọlé wá ra epo pupa, ó sì ń rí èyí tó ń jáde lọ. Lọ́dún 1887, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wọ̀nyẹn tan Ọba Jaja ti Opobo wọ ọkọ̀ ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn. Ọ̀nà ilé ló wà nígbà tó kú ní 1891. Lọ́dún 1897, lẹ́yìn tí wọ́n ti sun ìlú Bìní, Kàlàbá ni wọ́n kó Ọba Ovonramwen lọ. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi wàjà ní 1914. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹwà yẹn kì í ṣe kékeré.

Ìjọba ti ka ilé náà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Síbẹ̀, òfin nìkan kọ́ ló gbà á là. Ní 1986, wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà ló ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe àti òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o, àwọn èèyàn sì ń wá wò ó.

Bó bá jẹ́ pé òfin nìkan tó, Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú, ní Èkó, kò bá má wó. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ láyé ọjọ́un. Òun náà ti wọ ìwé ìjọba ní 1956. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o lulẹ̀ láàárín ìlú, ojú gbogbo ayé ló sì ṣe. Bí ilé bá ti wó, kò sí owó tó lè rà á padà.

Ìlú Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé alájà tí àwọn oníkòkó kọ́ wà káàkiri, àwọn ilé Àgùdà ṣì kù ní Èkó. Púpọ̀ nínú wọn ni òjò ń wọ̀ báyìí, tí àwọn ọmọ onílé sì wà ní ìdálẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àwọn mọ̀lẹ́bí pàdé, kí wọ́n pa páànù tó jò dà kí ògiri tó mu omi. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì wá iṣẹ́ fún ilé tó bá ṣófo: yàrá ìkàwé fọ́mọ iléèwé, ibi ìpàdé àwọn àgbà, tàbí mùsíọ́ọ̀mù kékeré. Ilé tí ẹsẹ̀ èèyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè wó. Èyí tí wọ́n tì pa, tí wọ́n ní ìjọba á wá tún un ṣe, ìtàn rẹ̀ ló ń bá a wó.