Ta Ni Ó Sọ Olúkúlùkù Ilé Di Ilé-Iṣẹ́ Mọ̀nàmọ́ná?

Ìwọ̀sí kan wà tí ó ti pẹ́ lára mẹ̀kúnnù Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ ọ́n ní ìwọ̀sí mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìbáà ṣe ní Mushin, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ní Sabon Gari ti Kánò tàbí ní Àbá, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá a gba ìlú kan. Baba ilé a gbé ike epo, ìyá ilé a kó ọmọ kúrò lójú èéfín, aládùúgbò kò sì ní gbọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń wí títí di àkókò oorun. Wọ́n ní ọ̀làjú ni. Wọ́n ní òmìnira ni, pé kí olúkúlùkù lè tan iná tirẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Irọ́ pátápátá ni. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n gbé lé mẹ̀kúnnù lórí, wọ́n sì ní kí ó máa dúpẹ́.

Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ tí àwọn ènìyàn fi èdè Pìjìn sọ ẹ̀rọ kékeré náà: "Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ." Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ kíkorò ń bẹ nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí iná ilé kan ti di ohun tí a fi ń yangàn sí ilé kejì ti gbàgbé pé ohun àjùmọ̀ní ni iná, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àti omi.

Kí ìṣirò kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ a máa mu lítà epo mẹ́rin láàárín wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, iná tí yóò sì mú wá láàárín àkókò náà, nínú ilé tí kò lò ju gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kò ju yúníìtì méjì sí mẹ́ta lọ. Kí ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, lítà mẹ́rin kò tó ₦800 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti súnmọ́ ₦4,000. Èyí já sí pé yúníìtì kan ṣoṣo láti inú ẹ̀rọ amúnáwá ń ná mẹ̀kúnnù ní nǹkan bíi ₦1,300, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn ilé tí ó wà ní ìpele A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, kò san ju nǹkan bíi ₦225 lọ lórí yúníìtì. Ta ni ó wá ń san owó iná tí ó wọ́n jù lọ ní Nàìjíríà? Kì í ṣe olówó. Aránṣọ ni, onígbàjámọ̀ ni, opó tí ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà ni.

A kò ì tí ì ka owó ọ́ìlì, owó púlọ́ọ̀gì àti owó oníṣẹ́ mọ́ ọn. A kò sì ì tí ì sọ ti èéfín. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń bẹ nínú èéfín náà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sùn, onítọ̀hún kò sì ní jí mọ́. Ilé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù olè ni irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Òkùnkùn ni wọ́n sá fún, ikú ni wọ́n lọ bá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fi owó kún iná ìpele A, láti ₦68 sí ₦225, Adébáyọ̀ Adélabú tí ó jẹ́ Mínísítà fún Mọ̀nàmọ́ná nígbà náà dá àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́bi pé wọn kì í ṣọ́ iná lò. Ó ní wọn a máa fi ẹ̀rọ amúǹkan-dì sílẹ̀ lórí iná fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí pé iná pọ́ọ́kú ni. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó padà wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni. Ìyá tí ń ta ẹja tútù ní ọjà ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí iná bá lè wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra. Iná tí kò sí, báwo ni a ṣe ń fi ṣòfò?

Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè yìí kò mọ ọ̀nà rí. Ọdún 1950 ni òfin gbé ECN dìde láti máa pèsè iná fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1969 ni ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí omi odò Ọya ń yí ẹ̀rọ, tí iná rẹ̀ sì ń rin ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ máìlì dé Èkó. Ọdún 1972 ni wọ́n pa á pọ̀ di NEPA. Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń yí padà, tí òkùnkùn kò yí. NEPA di PHCN ní 2005. Ní òpin 2013 wọ́n fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ìjọba di ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún mú nínú wọn, ó sì pa àwọn wáyà ńlá mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìpín mẹ́rin nínú mẹ́wàá kò lè wá sọ pé àlejò ni òun nínú ilé náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wáyà tí ó gba Shiroro lọ sí Kàdúná bàjẹ́, Kánò, Kàdúná, Jos àti àwọn ìlú mìíràn ní Àríwá wà nínú òkùnkùn fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Agbára tí ń dé orí wáyà fún ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 200 lọ kì í sábà ju mẹgawáàtì 5,000 lọ púpọ̀. Gúúsù Áfíríkà, tí èrò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 60, ń lo ju ìlọ́po mẹ́rin èyí lọ.

Nísinsìnyí, ìwàásù tuntun ti dé: ẹ lọ ra sólà. Òtítọ́ ń bẹ nínú ìwàásù náà, ẹni tí ó bá lè ṣe é kí ó ṣe é. Kí ó kọ́kọ́ yọ gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 kúrò, kí ó fi LED wáàtì 9 dípò rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan náà ni. Pánẹ́ẹ̀lì kan tí ó jẹ́ wáàtì 200, lábẹ́ oòrùn tiwa yìí, lè kó agbára tí yóò tó gílóòbù márùn-ún, fáànù kan tí ń lo bátìrì, rédíò, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kékeré láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Kí ó ṣọ́ra fún bátìrì: èyí tí ó jẹ́ olómi kò fẹ́ kí a máa lò ó kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tètè kú; lítíọ́ọ̀mù wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Áyọ́ọ̀nù kò sí nínú ìṣirò yìí o, ẹni tí ó bá ní ó wà níbẹ̀, ọjà ni ó fẹ́ tà.

Ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù náà kò dé ilé ayálégbé. Òrùlé tí ó sùn sí abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn lónìí, onílé lè lé e lọ́la. Alájórin-irin kò lè fi pánẹ́ẹ̀lì kan jó irin. Ẹni tí oúnjẹ oòjọ́ ń dà láàmú kò ní owó ọdún mẹ́ta lápò tí yóò san lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ìyẹn kò sọ pé a ti pèsè oúnjẹ fún ìlú. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Uche Nnaji tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì nígbà náà ní ìjọba fẹ́ dá kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkè òkun dúró kí ti abẹ́lé lè gbèrú. Kí ti abẹ́lé gbèrú, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni í ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kí ó tó ṣí tuntun?

Èyí tí ó wá burú jù ni ti Àbújá. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2025, bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iná oòrùn ní Ilé Ààrẹ. Àní, ilé tí àṣẹ iná ti ń jáde wá ti pinnu láti bọ́ lọ́wọ́ iná ìjọba! Bí ọlọ́bẹ̀ kò bá jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, ṣé àlejò ni yóò jẹ ẹ́?

Ọ̀nà àjùmọ̀ṣe wà, a sì ti rí i. Ní ọjà Sabon Gari ní Kánò, àwọn ìsọ̀ gba iná oòrùn láti ọ̀dọ̀ ètò kan náà tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwọn ọjà. Kì í ṣe pé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan lọ gun òrùlé. Ní Àbá, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí ó ní wáyà tirẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ìfagagbága. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti oṣù Kẹta 2023, àti Òfin Mọ̀nàmọ́ná ti oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ti fún ìpínlẹ̀ gbogbo láṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e, kí wọ́n sì pín in. Nítorí náà, kí gómìnà kankan má ṣe na ìka sí Àbújá mọ́.

Bákan náà ni ti ọkọ̀. Nígbà tí epo gbówó lórí, wọ́n ní kí onídánfó lọ fi gáàsì CNG sínú ọkọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ibùdó gáàsì wà ní gbogbo ìkóríta. Ẹ fi èyí wé ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 2023: kò sí èrò kan tí a ní kí ó lọ ra ojú irin tirẹ̀ wá.

Ìdìbò kò ní pẹ́ dé. Ìgbà náà ni ẹ ó rí tiransifọ́mà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n fi aṣọ ẹgbẹ́ wé, tí onílù ń lù níwájú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ará ibẹ̀ ti dá owó jọ fún òpó àti wáyà ṣáájú, owó náà kò sì padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe jó. Ẹ bi olóṣèlú náà léèrè níwájú gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tiwa: mẹgawáàtì mélòó ni yóò gba inú tiransifọ́mà yìí kọjá, láti ibo, láti oṣù wo? Ilé mélòó ní àdúgbò yìí ni yóò gba mítà, nígbà tí ó jẹ́ pé ní òpin ọdún 2024 kò tó ìdajì àwọn oníbàárà ní gbogbo Nàìjíríà tí wọ́n ní in? Ta ni yóò dá owó òpó àná padà? Kí akọ̀wé àdúgbò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí olóṣèlú náà fọwọ́ sí i, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.