Ewo Gan-an Ni Èrè?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kí ni à ń pè ní èrè? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé owó tó bá lé lórí ojú-owó àti ìnáwó ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinmi ọdún 2023, nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò, tí náírà sì ti já wálẹ̀.

Yèyé mi ń ta epo pupa ní Ìgbàrà-Odò Èkìtì. Wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦24,000, wọ́n tà á ní ₦27,000. Mo ní, "Yèyé, ẹ jèrè ₦3,000." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Kẹ́ẹ̀gì mìíràn ti di ₦28,000. Èrè dà, ọmọ mi?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fi ₦3,000 yẹn ra ẹran jẹ, ojú-owó ló ń jẹ. Lójú tèmi, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti ra irú ọjà kan náà padà ni èrè. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá fowó lé ọjà àná, ẹ má tètè pè é ní ọ̀kánjúà. Ó lè jẹ́ pé àtẹ rẹ̀ ni kò fẹ́ kó ṣófo.