Ilé Ni Àbọ̀ Sinmi Oko

 Ọ̀rọ̀ èyáwó àti owó ìfipamọ́ ni ẹ mọ̀ mọ́ wa lójú ewé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó ni a fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín o. Bí a bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, òjò kò jẹ́ kí a lè jáde lọ sí ìpàdé. A jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ lórí itan. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 6, wò wá títí, ó wá bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ṣé ara Bàbá ò yá ni?" Ọmọ náà kò fi wá ṣẹ̀sín. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ, nítorí kò rí wa nílé lọ́sàn-án Sátidé rí, àfi ìgbà tí ibà dá wa dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ṣinṣin.

Ìyàwó wa ló yọ wá nínú ìtìjú. Ó ní kí a dìde, kí a wá bá òun ṣe àkàrà òyìnbó. A kò ní ààrò ìgbàlódé nílé. Ìkòkò irin àti iyanrìn ni a lò, bí ọ̀pọ̀ ìyá ṣe máa ń ṣe é. Ó wọn ìyẹ̀fun gíráàmù 250, ó wọn bọ́tà àti ṣúgà, kí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Ẹyin 4 ló fi sí i, pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan ààbọ̀ pọ́dà tó ń mú un wú. Àkọ́bí wa po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí ó fi funfun. Èkejì ku ìyẹ̀fun. Àbíkẹ́yìn fọ́ ẹyin, a sì ṣa èèpo kúrò níbẹ̀.

Iná ni wọ́n fi lé àwa lọ́wọ́. A da iyanrìn tó gbẹ sínú ìkòkò, a dé e, a jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú 10, kí a tó gbé agolo àkàrà lé e lórí. A tún kó èédú pupa díẹ̀ sórí ọmọrí, kí òkè náà lè jinná. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 45, a fi ẹyọ ọwọ̀ kan gún un wò, ọwọ̀ náà sì jáde ní gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti jó, torí pé a ko èédú jù sísàlẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ibi tó jó yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń jà lé lórí? Títí di òní, "Bàbá ló jó o!" ni wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A kò yá kọ́bọ̀ fún ayọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí à ń rí nínú ìwé èyáwó. Ọmọ ẹgbẹ́ kan, a kò ní dárúkọ, yá owó ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ tó pé ọdún kan. Wọ́n ṣe kéèkì alájà mẹ́ta, wọ́n pe onílù, wọ́n ra aṣọ ẹbí. Oṣù 10 ló yẹ kó fi san gbèsè náà. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì, tí àwọn náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ló san ìyókù. Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ yáwó ti sùn lọ kí wọ́n tó gé kéèkì.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ iyì ilé ìdáná. Ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28 dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní December 21, 1844. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, óòtì àti àbẹ́là díẹ̀ ni ọjà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò kan ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun tà. Ìyẹ̀fun gidi, ní ìwọ̀n tó pé, ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá fún ìdílé wọn. Ohun tí ẹbí ń jẹ nílé ló bí ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe àríyá.

Ẹlòmíràn á ní, "Akọ̀wé, ta ló ráyè?" Òótọ́ ni. Àwa pàápàá kò ráyè títí òjò fi dè wá mọ́lé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ a kò lè kọ́ ọmọ tí a kì í bá jókòó. Ẹlòmíràn á ní ìyẹ̀fun ti gbówó lórí. Ìyẹn náà kò parọ́. Kó sun àgbàdo, tàbí kó yan ẹ̀pà. Kí òun àtàwọn ọmọ ṣáà jọ yí iná ká. Aládùúgbò wa kan tó gbóòórùn tiwa ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kò burú, ọjà ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ohun tó dùn nílé bá di ọjà, kí ni yóò kù fún àwọn ará ilé?

Nítorí náà, ohun méjì ni a ó gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Èkíní, kí ìgbìmọ̀ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní owó ọjọ́ ìbí tó ju ohun tó lè san tán láàárín oṣù mẹ́ta lọ. Èkejì, kí ìpàdé ọjọ́ Sátidé wa máa parí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ géérégé, kí oníkálùkù lè tètè délé. Èrò tiwa ni o, kò tíì di òfin. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

Bí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ bá wa gbé ọgbọ́n bí ìdí àkàrà kì í ṣe é jó dání.