Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Rí Wúrà Tarkwa?

Ẹ̀yin ará, irọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀: pé òyìnbó ni ó ṣàwárí wúrà ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí àwọn Potogí gúnlẹ̀ sí etíkun náà ní 1471, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti bá wúrà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ odi Elmina ní 1482.

Nígbà tí Pierre Bonnat, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tarkwa, lẹ́yìn etíkun náà, ní nǹkan bí 1877, àwọn onílẹ̀ ti ń wa wúrà níbẹ̀. Inú òkúta wẹ́wẹ́ tí odò àtayébáyé kó jọ, tí ó dì mọ́ra di àpáta, ni wúrà náà wà. Wọ́n ń fọ́ àpáta náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi omi fọ̀ ọ́ kí wúrà lè kù sílẹ̀. Ìmọ̀ kọ́ ni àlejò fi ṣíwájú wọn. Owó, ẹ̀rọ àti ìwé àdéhùn ni.

Ní 1897, ìjọba amúnisìn gbé àbá òfin ilẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ dá Aborigines' Rights Protection Society sílẹ̀ ní Cape Coast, wọ́n rán ikọ̀ lọ sí London ní 1898, àbá náà sì wọmi.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ka ìwé kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.