Ìlà Mẹ́ta ní Alaalẹ́

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni àjọ̀dún mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kò tó. Àdá tí a kò pọ́n a máa kújú. Ìwé tí àgbà kọ́ tí kò lò, ìgbàgbé ni yóò gbé e lọ.

Kí oníṣòwò tàbí àgbẹ̀ máa kọ ìlà mẹ́ta kí ó tó sùn: owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, ìlérí tí ó ṣe. Kí ó kọ wọ́n bí wọ́n ti rí gan-an. Ẹni tí ó pa 4 000 fàráǹ, tí ó kọ 6 000, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Ẹni tí ó kọ òtítọ́ yóò rí ibi tí owó ń gbà jò, yóò sì rántí ẹni tí ó ń retí rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.