Ta ló ní kí etí ọkọ̀ ga?

Àwa ará Òsì àti Ìlọ́fà ò ní odò tó gba ọkọ̀. Orí òkè là ń gbé. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Pàtígi, níbi tí ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ti dànù ní oṣù Òkúdù 2023, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 ṣòfò. Ìjàǹbá yẹn ni mo máa ń rántí bí mo bá rí ọlọ́kọ̀ tó kan pákó mọ́ etí ọkọ̀ rẹ̀ kó lè ga sí i, kó sì lè kó èrò tó pọ̀ jù. Ìdí ọkọ̀ ò fẹ̀ sí i o! Bí ẹrù ṣe ń ga ni ọkọ̀ ń yára fì. Òmíràn á tún ta ọ̀rá bò ó lórí, kí afẹ́fẹ́ lè rí nǹkan gbá mú. Ẹ fi owó pákó yẹn ra ẹ̀wù ìléfòó fún èrò.