Mẹ́dà Bàbá Kì Í Ṣe Irin Àlòkù

Lẹ́tà kan dé láti Ìkòtún tó yẹ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ wò. Ẹni tó kọ ọ́ ní nígbà tí àwọn ń pa ilé mọ́, àwọn rí mẹ́dà mẹ́ta nínú àpótí bàbá àgbà àwọn tó ti dolóògbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní wúrà ni, ó sì ti bá ẹni tó ń ra irin àlòkù dúnàádúrà. Ṣé kí wọ́n tà á ni, àbí kí wọ́n fi sílẹ̀?

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò sí wúrà níbẹ̀. Èyí tó rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, Burma Star ni. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n fi ṣe é. Ìràwọ̀ kejì ni 1939–1945 Star. Èyí tó rí róbótó, tí kìnnìún dúró lórí dírágónì olórí méjì, War Medal ni. Àwọn mẹ́dà tí àwọn ọba Íńdíà ayé àtijọ́, irú bíi Nizam ti Hyderabad, fi ta àwọn èèyàn wọn lọ́rẹ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olówó fi ń wá wọn kiri. Ti ogun Hitler pọ̀ lọ jàra, kò wọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: wọ́n kọ orúkọ sára mẹ́dà àwọn sójà Australia àti South Africa, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ sí ti àwọn baba wa. Ti sójà Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò lórúkọ. Ọjọ́ tí mẹ́dà bàbá bá ti jáde nílé, ta ni yóò mọ̀ pé tirẹ̀ ni? Bàbà lásán ni oníirin yóò rà, kò ní mọ̀ pé ti bàbá ẹnì kan ni.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fojú rí kí wọ́n tó gbà á? Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù. 81st Division dé Íńdíà ní 1943, 82nd tẹ̀ lé wọn. Nínú igbó Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun. Àmì 82nd gan-an ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn àwọn ará Japan bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn létí odò Kaladan. Òun àti sójà Sierra Leone kan sá pamọ́ sínú igbó, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá. Ó délé láàyè, ó kọ ìtàn náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ó kú ní 2012, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé à ń dárúkọ rẹ̀ títí dòní? Mẹ́dà kọ́ ló ṣe é, ìtàn tó kọ sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ má tà á. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi dá bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sójà, ẹ wo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sórí bébà, ẹ fi sínú àpótí kan náà. Ẹ má fi eérú bó mẹ́dà náà nítorí kó lè dán. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí léèrè ohun tí bàbá sọ fún wọn, kí wọ́n tó lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì ń kọ̀, ẹ pe ẹbí jọ: ogún gbogbo ọmọ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wúrà ni ẹ̀gbọ́n yín ń wá, orúkọ ló fẹ́ gbé sọ nù.

Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá àti Ìgandò, ẹ̀yin náà ẹ tú àpótí tí ẹ kó wá láti ilé bàbá yín wò. Bí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní bá pé, tí Nàìjíríà ń rántí àwọn ológun rẹ̀, ẹ gbé mẹ́dà náà jáde, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín sétí àwọn ọmọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.